Ẹ Má Fi Kàlẹ́ńdà Lé Òròmọdìyẹ Jáde Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà, kì í ṣe ti ìtàn àròsọ, kì í sì ṣe ti ewì alohùn. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló pa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá àti òròmọdìyẹ pọ̀. Ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ilé wa níhà Tube, ní ilẹ̀ Yewa, báńkì ni adìyẹ jẹ́ fún àwọn ìyá wa. Gàrí ni màmá mi ń tà, ṣùgbọ́n owó gàrí, inú gàrí ló ń padà sí. Bí wọ́n bá ní kí a san owó kan nílé ẹ̀kọ́ lójijì, àkùkọ méjì ló máa ń tẹ̀lé màmá mi lọ sọ́jà. Nígbà tí a gba ìsinmi lọ́dún tó kọjá, mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ jọ, mo ra òròmọdìyẹ ọjọ́ kan 50. Mo ní kí báńkì màmá mi tóbi sí i.

Inú páálí ńlá kan ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ni a kó wọn sí. A tẹ́ eruku pákó tí a bù lọ́dọ̀ àwọn tó ń lagi sí ìsàlẹ̀, a gbé àtùpà sí àárín, a fi aṣọ bo apá kan lórí. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni òórùn wọn ń dàgbà. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àlejò tó bá wọlé á yínmú. Ohun tó tún wá le jù ni pé wọ́n kéde ọjọ́ tí a óò wọlé padà sílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ Ajé ni.

Mo jókòó, mo ṣírò. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbọn ìdọ̀tí páálí? Ta ni yóò máa yẹ epo àtùpà wò lóru? Mo bá pinnu pé kí n tó lọ, kí n kó wọn sí ilé adìyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo kó wọn. Ọjọ́ 16 ni wọ́n dé ilé ayé. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò wọn sórí WhatsApp, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àwọn ọmọ mi ti kó lọ ilé tuntun."

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe òjò ńlá. Atẹ́gùn kàn ń fẹ́ ẹ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, 31 ti kú. Àwòdì kọ́ ló gbé wọn, ejò kò wọlé, kò sí àmì eyín lára ìkankan nínú wọn. Igun kan ni gbogbo wọn kó jọ sí, wọ́n gun orí ara wọn, wọ́n ń wá ooru. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò rí èémí mí. Àwọn tó wà lókè, òjò ti lù wọ́n pa.

Màmá mi kò bú mi. Wọ́n kàn ń ṣa àwọn òkú sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan tí kò tíì kúrò ní etí mi títí di òní: "Ilé ẹ̀kọ́ tìẹ ló wọlé. Ìyẹ́ tiwọn kò tíì jáde."

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú gbólóhùn yẹn. Èrò mi ni pé ọjọ́ tó bá rọ àwa ènìyàn lọ́rùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kó òròmọdìyẹ síta: ọjọ́ tí ilé bá ń rùn, ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, ọjọ́ tí a bá fẹ́ rìnrìn àjò, tàbí ọjọ́ tí ẹnìkan ní kí a kà lórí kàlẹ́ńdà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ ara wọn, ojú ọjọ́, àti ilé tí wọ́n ń lọ ló yẹ kó dá ọjọ́ náà. Bí ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tíì ṣe tán, kí a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣàlàyé rẹ̀, torí ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ nìyẹn. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ tí àgbébọ̀ ń ṣe lórí ọmọ rẹ̀. A ní ó ń ràdọ̀ bò wọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó bá ràdọ̀ bò ọ́ ń fún ọ ní ooru, ó ń fi ọ́ pamọ́ fún ọ̀tá, kò sì jẹ́ kí òjò kàn ọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí a bá ra òròmọdìyẹ tí kò ní ìyá, tí a kó o sínú páálí, tí a gbé àtùpà tì í, àwa la di àgbébọ̀ yẹn. Àtùpà ni ooru apá rẹ̀. Ògiri pálọ̀ ni ìdáàbòbò rẹ̀. Páànù orí ilé ni agboòrùn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn.

Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ní ìyẹ́. Irun múlọ́múlọ́ bí òwú ló wà lára rẹ̀. Kò tíì lè ṣe ooru tó máa tó ara rẹ̀. Ara àgbébọ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyí tí abẹ́ apá rẹ̀ fi ń tu ọmọ lára. Àwọn onímọ̀ ọ̀sìn adìyẹ ní kí ibi tí òròmọdìyẹ wà ní ọ̀sẹ̀ kìíní gbóná tó ìwọ̀n 32 sí 35. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a máa dín in kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi sún mọ́ 21. Àwọn tí a ń sìn fún ẹran máa ń tètè yọ ìyẹ́, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn tí a ń sìn fún ẹyin àti adìyẹ ìbílẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ìyẹ́ tó bo ara wọn tán. Àwọn tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì ni wọ́n wà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ẹjọ́ òyìnbó ni. Wọ́n ní, "Ṣebí ọjọ́ kejì tí adìyẹ màmá àgbà bá pamọ ni àwọn ọmọ náà ti ń bá a kiri àkìtàn? Ta ló ń tan àtùpà fún wọn?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àtùpà wọn ń rìn níwájú wọn. Bí ẹ bá jókòó wo àgbébọ̀ ọlọ́mọ fún wákàtí kan, ẹ ó rí i. Àwọn ọmọ á jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sá padà sábẹ́ apá. Wọ́n á tún jáde, wọ́n á tún sá wọlé. Bí òjò bá ṣú, ìyá á pè wọ́n, á sì jókòó lé wọn lórí. Bí ìyẹ́ wọn ṣe ń gbó sí i ni wọ́n ń pẹ́ níta sí i, títí ọjọ́ á fi pé tí ìyá fúnra rẹ̀ á máa fi àgógó ṣá wọn kúrò lára. Kò sí ọjọ́ kan tó kó gbogbo wọn síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Adìyẹ màmá àgbà kò ta ko ohun tí mò ń sọ rárá. Òun gan-an ni ẹlẹ́rìí mi.

Àwọn mìíràn á ní, kí ni ká wá ṣe sí òórùn? Kí ni ká ṣe sí ikọ́ màmá? Èyí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. N kò sọ pé kí a máa bá adìyẹ gbé pálọ̀ títí wọ́n á fi máa kọ. Bí ìgbẹ́ àti omi bá pọ̀ nínú páálí, atẹ́gùn burúkú tó ń ta ojú àti imú máa ń jáde níbẹ̀, ó ń ba àyà ènìyàn jẹ́, ó sì ń ba ti òròmọdìyẹ náà jẹ́. Ilẹ̀ tó bá tutù tún ń bí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Bí ààyè bá há wọn mọ́, wọ́n á máa ṣá ara wọn jẹ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Nítorí náà, kíkó wọn síta láìtọ́jọ́ ń pa wọ́n lóru kan, fífi wọ́n pamọ́ pẹ́ jù ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wo òórùn sàn ni kí a máa pààrọ̀ eruku pákó tó bá ti tutù, kí a fẹ páálí sí i, tàbí kí a gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo tàbí ilé ìdáná àtijọ́ tó ní òrùlé àti ògiri. Ibùdó àárín méjì ni. Kò pọn dandan pé tí kò bá ti jẹ́ pálọ̀, ẹ̀yìnkùlé náà ni.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọjọ́ ti tó? Àwọn òròmọdìyẹ fúnra wọn á sọ ọ́. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ àtùpà tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí i, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na apá sílẹ̀, ooru pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tú ká káàkiri tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ara tù wọ́n. Tí a bá wá pa àtùpà ní ọ̀sán, tí wọ́n ṣì tú ká, tí a pa á lóru fún bí òru mélòó kan, tí wọn kò gun ara wọn, tí a fọwọ́ kan ẹ̀yìn, àyà àti abẹ́ apá wọn, tí a bá ìyẹ́ gidi níbẹ̀, àṣẹ ti dé nìyẹn. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà ni ìyẹ́ apá. Apá ló ń kọ́kọ́ yọ ìyẹ́. Ènìyàn á rí apá, á ní adìyẹ ti dàgbà, kò ní mọ̀ pé ìhòòhò ni àyà wà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ máa gbé wọn jáde fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá ń ràn, ẹ kó wọn wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Òwúrọ̀ ni kí ẹ kó wọn lọ pátápátá, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà, ibi tí oúnjẹ wà, àti ibi tí wọn óò sùn, kí òkùnkùn tó bò wọ́n. Abọ́ omi àti abọ́ oúnjẹ tí wọ́n ti mọ̀ nínú ilé ni kí ó bá wọn lọ. Ẹ má pààrọ̀ oúnjẹ wọn lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìpọ́njú kan tó ọjọ́ kan. Ẹ tan iná kékeré fún wọn ní òru mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹ sì jí wò wọ́n ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí àsìkò yẹn ni òtútù máa ń mú jù.

Ilé tí wọ́n ń lọ ńkọ́? Kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí a tó wá bá adìyẹ wí. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, kí ó sì ga kúrò nílẹ̀ níbi tí àgbàrá ń gbà. Kí ẹ̀gbẹ́ tí òjò ń gbà wọlé ní aṣọ tàpólì tí a lè tú sílẹ̀ lálẹ́. Èyí nìkan, ká ní mo ṣe é, bóyá àwọn ọmọ mi ì bá wà láàyè. Kí ihò nẹ́ẹ̀tì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí eku àti ejò kò ní rọ́nà wọlé. Ẹ fi páálí tẹ́ àwọn igun rẹ̀ kí ó rí roboto, torí igun ni wọ́n ń kó jọ sí tí wọ́n fi ń pa ara wọn. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ìjàlọ. Àwọn àgbà wa máa ń da eérú yí ilé adìyẹ ká, àwọn mìíràn máa ń gbé ẹsẹ̀ ilé náà sínú agolo tí wọ́n da ògbólógbòó ọ́ìlì sí. Ẹ má sì kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn àgbà adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri. Òròmọdìyẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló màṣá. Àwọn tiwa yìí kò tiẹ̀ ní ìyá tó lè kọ́ wọn.

Ohun mìíràn tún wà níta tí kò sí nínú pálọ̀: lúkúlúkú. Àrùn yìí ni àwọn òyìnbó fi orúkọ Newcastle pè, torí wọ́n rí i ní ìlú náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1926. Ní Nàìjíríà, agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Ẹ wo oṣù yẹn, ìgbà ọyẹ́ ni. Títí di òní, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù. Àjẹsára rẹ̀ wà. Ilé ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe é nílé níbí. Kí òròmọdìyẹ tó jáde, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko irú àjẹsára tó yẹ kí wọ́n ti gbà, ti lúkúlúkú àti ti Gumboro. Ẹni tó kó wọn síta láìgba àjẹsára ní ìgbà ọyẹ́ dà bí ẹni tó kó owó rẹ̀ sójú pópó tó wọlé lọ sùn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, adìyẹ 31 péré, kí ni ariwo wà fún? Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ará ẹnubodè. Láti ọdún 2003 ni òfin ti wà pé kí a má kó ẹran adìyẹ láti òkèèrè wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà sí ilẹ̀ Yewa mọ̀ pé adìyẹ inú yìnyín ń kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè pa. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Láàárín ìgbà náà, àwọn ará àdúgbò wa tó ń gbé ọjà kọjá tẹ́lẹ̀ kó owó wọn sórí adìyẹ sísìn. Àwọn mìíràn jèrè. Àwọn mìíràn kó òròmọdìyẹ síta ní kánmọ́kánmọ́, wọ́n sì pàdánù bí èmi. Ìyá tó bá pàdánù ní ẹ̀ẹ̀kan, tó bá pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mejì, á ní ilé wọn kò gba adìyẹ, tàbí pé ayé ló ń bá òun jà. Á sì fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tàpólì kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sùúrù ló kù kí ó jèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nìyí. Lára páálí òròmọdìyẹ tí mo rà, gbogbo ohun tí wọ́n kọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé pélébé inú àjẹsára, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Màmá mi ń ka Bíbélì Yorùbá láìdánudúró, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka ìkìlọ̀ tó wà lára ohun tí wọ́n fi owó wọn rà. Èmi tí mo lè kà á, mi ò kà á dópin. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò níbẹ̀. FUNAAB, tí wọ́n ṣe irú adìyẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, wà ní Abẹ́òkúta. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Èdè ló dí ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí a lọ jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ọ̀sìn ẹranko, kí a jọ kọ ojú ewé kan ṣoṣo ní Yorùbá tó já gaara: àmì òtútù, àmì ooru, ibi tí a óò fọwọ́ kàn láti mọ̀ bóyá ìyẹ́ ti tó, bí ilé adìyẹ ṣe yẹ kó rí, àti ọjọ́ àjẹsára. Kí a tẹ̀ ẹ́, kí a fún àwọn tó ń ta òròmọdìyẹ ní ọjà Ìlaròó àti Ayétòrò kí wọ́n máa fi lé ẹni tó bá rà lọ́wọ́. Kí a kà á sílẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn tí kò lè kàwé lè gbọ́ ọ lórí fóònù. A ti kọ àpilẹ̀kọ tó pọ̀ lórí bí èdè wa kò ṣe gbọdọ̀ kú. Èdè tó bá gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ òtútù, ta ni yóò fẹ́ kí ó kú?

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn 19 tó kù. Mo wọlé sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé náà pẹ̀lú ojú tì mí. Màmá mi kó wọn padà sínú páálí, wọ́n gbé páálí náà lọ sí ilé ìdáná àtijọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde, wákàtí méjì lónìí, wákàtí mẹ́ta lọ́la. Àwòdì gbé ọ̀kan, ọ̀kan sọnù. Àwọn 17 dàgbà. Lára wọn ni wọ́n ti tà tí wọ́n fi kún owó tí mo san ní sáà yìí. Nígbà tí mo pè láti dúpẹ́, wọ́n ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní bí mo bá tún ra òmíràn, kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà wọn kí n tó wo kàlẹ́ńdà.